Páànù ń yan wá nínú ilé: kí ni ká kọ́kọ́ ṣe láìsí amúlétutù?

Ọmọ Ẹ̀bá Ọ̀sà (Àjàṣẹ́) béèrè:

Ẹ kú ooru o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti ẹ̀yin àbúrò.

Yàrá kan àti pálọ̀ kan là ń gbé ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), níbi tó sún mọ́ ọ̀sà. Búlọ́ọ̀kù oníhò ni ògiri, páànù tó ti ń dípẹtà ló wà lórí rẹ̀. Kò sí àjà: bí èèyàn bá gbójú sókè, páànù ló máa rí. Yàrá jẹ́ mítà 4 sí mítà 3.5. Fèrèsé kan ló ní, ìwọ̀ oòrùn ló kọjú sí, láti nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán títí di alẹ́ kò sẹ́ni tó lè fara ti ògiri ibẹ̀. Fáànù ẹlẹ́sẹ̀ kan wà tó ń kùn ṣùgbọ́n tí kì í yí dáadáa mọ́. Ìyá àgbà wà nílé, ọmọ oṣù mẹ́rin náà wà.

Owó amúlétutù kò sí, owó iná tí yóò máa jẹ kò tilẹ̀ sí. Onílé gbà ká kun páànù, ó gbà ká kan àjà, ṣùgbọ́n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú òrùlé rẹ̀. Níbo ni kí owó díẹ̀ tó wà kọ́kọ́ lọ? Wọ́n tún ní ká máa gbé omi dídì síwájú fáànù, ká sì máa fi aṣọ tútù ta fèrèsé. Ṣé ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́?


Gbẹ́nàgbẹ́nà Kétu dáhùn:

Ẹ kú ìfaradà. Òrùlé ni kí owó kọ́kọ́ lọ. Fáànù tẹ̀ lé e. Ìyókù lè dúró.

Láti Àjàṣẹ́ dé Ṣábẹ̀ẹ́ (Savè), ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún ni oòrùn ọ̀sán máa ń dúró gangan lórí òrùlé: láàárín ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́ oṣù kẹrin, àti ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹsàn-án. Ti oṣù kẹsàn-án, ìkùukùu máa ń bò ó lójú díẹ̀. Ti oṣù kẹrin ló bá ìgbà ooru pàdé. Páànù tó ti dípẹtà lè gbóná kọjá 60 dígírì lọ́sàn-án irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Kì í sì í ṣe afẹ́fẹ́ yàrá nìkan ló ń mú gbóná. Ooru náà ń ta láti ara páànù wá tààrà sórí yín, sórí bẹ́ẹ̀dì, sára ògiri, bó ṣe ń ta láti ara ẹyin iná. Ìdí nìyẹn tí fáànù fi lè máa fẹ́ kí àtàrí èèyàn ṣì máa gbóná. Fáànù kò lè dá irú ooru yẹn dúró, àyàfi kí nǹkan wà láàárín ẹ̀yin àti páànù, tàbí kí páànù fúnra rẹ̀ má gbóná tó bẹ́ẹ̀.

Ọ̀dà funfun ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀, torí owó rẹ̀ kéré sí ti àjà. Èyí tó ṣì mọ́ lè dá bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ìtànṣán oòrùn padà sókè. Páànù onípẹtà ń gbé èyí tó pọ̀ jù mì. Ọ̀dà olómi tí wọ́n ṣe fún ìta ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ pè é ní acrylique extérieure níwájú ẹni tó ń tà á. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n ta peinture à l'huile (ọ̀dà olóròóró) fún yín nítorí pé ó ń dán. Níbi tí sínkì bá ṣì wà lára páànù, sínkì náà ń sọ òróró inú ọ̀dà yẹn di ọṣẹ lábẹ́, ọ̀dà yóò sì máa ká kúrò ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ. Àwọn kan ń po chaux, ìyẹn ìyẹ̀fun funfun tí wọ́n ń pò kun ilé, pọ̀ mọ́ iyọ̀. Lórí ògiri tàbí lórí dalle (òrùlé oníkọnkéré), kò burú. Lórí páànù, ẹ má ṣe é: chaux tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ pò ń jẹ sínkì, iyọ̀ sì ń pe ìpẹtà, pàápàá lẹ́bàá ọ̀sà tí ara páànù kì í gbẹ dáadáa lóru.

Ẹ gbá eruku kúrò, ẹ fi búrọ́ṣì onírin ha ìpẹtà, ẹ fi omi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣan ọṣẹ kúrò, kó gbẹ. Ibi tí ìpẹtà ti jẹun wọlé, ẹ fi antirouille (ọ̀dà tó ń dá ìpẹtà dúró) pa á kẹ́ ẹ sì dúró di ọjọ́ kejì. Ìṣó tó ti tú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ tòun ti rọ́bà ìdí rẹ̀, ìgbà yìí ló rọrùn jù. Àárọ̀ kùtù ni kíkùn. Bí páànù bá ti gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, ojú ọ̀dà yóò gbẹ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó di páànù mú, yóò sì wú. Ìkùn àkọ́kọ́, ẹ fi omi là á, ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ìkejì, ẹ má là á, ẹ sì fi wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà sáàárín wọn.

Ní ti iye ọ̀dà: ẹ ka lítà kan sí mítà onígun mẹ́rin 8. Yàrá yín jẹ́ 14, ṣùgbọ́n páànù onígbì fẹ̀ ju ilẹ̀ tó bò lọ, etí rẹ̀ tún yọ síta, nítorí náà ẹ kà á sí 18. Ìkùn méjì di 36. Lítà 5 tó fún yàrá. Ẹ wọn pálọ̀ kẹ́ ẹ ṣe ìṣirò kan náà fún un.

Ẹni tó bá gun òrùlé kò gbọdọ̀ tẹ àárín páànù. Ojú ìlà ìṣó ni igi wà lábẹ́; ibẹ̀ ni kó gbé pákó lé, orí pákó ni kó sì dúró. Bí ẹ bá ń gbe omi òjò láti òrùlé yẹn, ẹ wá ọ̀dà tí wọ́n kọ sans plomb (kò ní òjé) sí lára, kẹ́ ẹ sì da omi òjò àkọ́kọ́ nù lẹ́yìn kíkùn. Bí ọyẹ́ bá lọ tán lọ́dọọdún, ẹ fọ òrùlé náà. Ọ̀dà funfun tí eruku ọyẹ́ ti bò kò fi bẹ́ẹ̀ dá oòrùn padà mọ́.

Àjà wá. Contreplaqué (plywood) mílímítà 4 tàbí 5 tó. Ewé kan jẹ́ mítà 1.22 sí 2.44. Lórí ìwé, márùn-ún dà bí ẹni pé ó tó fún yàrá yín, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tò ó tán, mẹ́fà ló máa gbà, torí gígé. Ẹ jẹ́ kí àárín igi kan sí àárín ìkejì jẹ́ ṣẹ́ńtímítà 61, kì í ṣe 60. Ọ̀pọ̀ ń fi 60 kàn án, bó bá di ewé kẹta, etí ewé ti kúrò lórí igi, ó ti wà lófuurufú, ó sì máa tẹ̀ wálẹ̀ lọ́jọ́ òjò.

Níbi tí àjà bá ti sún mọ́ páànù jù, ẹ fi ṣẹ́ńtímítà 10 sílẹ̀ láàárín wọn, ó kéré tán. Ẹ ṣí ihò sí ìpẹ̀kun méjèèjì òrùlé kí afẹ́fẹ́ lè gba ibẹ̀ kọjá: ihò kan ní ìhà kọ̀ọ̀kan, ṣẹ́ńtímítà 20 sí 30, pẹ̀lú àwọ̀n onírin kí àdán àti eku má bàa sọ ibẹ̀ dilé. Àjà tí kò ní ihò yìí ṣì ń ran èèyàn lọ́wọ́ lọ́sàn-án, ṣùgbọ́n ooru tó kó sínú rẹ̀ ló máa ń rọ̀ lé yín lórí lálẹ́, wọ́n á wá ní àjà kò dára.

Bí owó contreplaqué kò bá tíì sí, ẹní tàbí ráfíà tí wọ́n hun tẹ́ lórí igi náà ń gba ooru yẹn dúró. Ẹ kọ́kọ́ yẹ wáyà òkè wò: wáyà tó bó àti koríko gbígbẹ, iná ni. Ẹ má sì kan polystyrène (fóòmù funfun líle) síbẹ̀. Ó ń tètè gbiná, èéfín rẹ̀ sì burú.


Oníná Àjàṣẹ́ dáhùn:

Ẹ̀gbọ́n Kétu ti tán ti òrùlé. Ẹ jẹ́ kí n mú ti fáànù.

Èyí tó ń kùn tí kì í yí, lọ́pọ̀ ìgbà condensateur rẹ̀ (ohun kékeré tó ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti bẹ̀rẹ̀ sí í yí) ló ti rẹ̀. Ẹ tan án, ẹ fi igi gbígbẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan ti abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ láti àárín àgò, ẹ má fi ìka sí i. Bó bá gba títì yẹn tó sì ń yí lọ, condensateur ni. Bó bá dúró gbagidi, ẹ pa á, ẹ yọ ọ́ kúrò nínú iná, ẹ fọwọ́ yí i. Bó bá wúwo lọ́wọ́, irun àti eruku ti dì mọ́ ọ̀pá rẹ̀, tàbí òróró ibi tí ọ̀pá náà ti ń yí ti gbẹ. Ẹ nu ún mọ́, ẹ kán òróró máṣínì ìránṣọ sí i, ẹ̀kán 2 sí 3 níwájú, bẹ́ẹ̀ náà lẹ́yìn. Òróró ìdáná àti epo pupa máa ń di lẹ̀kẹ̀lẹ̀kẹ̀ nínú rẹ̀, láàárín oṣù díẹ̀ yóò tún dúró. Bí kò bá tilẹ̀ kùn rárá, fúùsì kékeré tó wà nínú wáyà mọ́tò lè ti já. Ìyẹn, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó ń ṣe é.

Condensateur fáànù ẹlẹ́sẹ̀ sábà máa ń wà láàárín 1 sí 1.5 µF (òṣùwọ̀n bó ṣe tóbi tó). Ti fáànù àjà sábà máa ń jẹ́ 2.5. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí ti àtijọ́ lára, nọ́ńbà µF kan náà ni kẹ́ ẹ rà. Ti fóòtì, 400 tàbí 450 ni. Ó lè ga ju ti àtijọ́ lọ, kò gbọdọ̀ kéré sí i. Àwọn kan máa ń fi èyí tí µF rẹ̀ pọ̀ sí i kí fáànù lè sáré. Yóò sáré díẹ̀ ná, mọ́tò yóò máa gbóná, wáyà inú rẹ̀ yóò jó. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan condensateur, ẹ yọ fáànù kúrò nínú iná, ẹ fi irin tournevis (ohun tí a fi ń tú skúrù) tó ní ọwọ́ ike so ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì pọ̀, torí ó lè ṣì gbé iná lọ́wọ́. Bí fáànù bá wá ń yí sẹ́yìn lẹ́yìn tí wọ́n tún un ṣe, wọ́n ti so wáyà rẹ̀ ní òdì.

Tí fáànù bá ń fà nírọ̀lẹ́ nìkan, ẹ má tíì ná owó kankan lé e lórí. Iná ló wálẹ̀. Bó bá ti 220 já sí 180, nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta agbára tó fi ń yí ló kù.

Bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ ẹ mọ̀ pé ara èèyàn ni fáànù ń mú tutù, kì í ṣe yàrá. Òógùn tó ń gbẹ lára ló ń gbé ooru lọ. Fáànù tó ń yí nínú yàrá tí kò séèyàn, mọ́tò rẹ̀ ń fi ooru díẹ̀ kún ibẹ̀ ni, ẹ pa á. Àyàfi bí ẹ bá fẹ́ kó máa ti ooru jáde lálẹ́: bí ìta bá ti tutù ju inú lọ, ẹ gbé e kọjú sí fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, kó jìnnà sí i ní bíi ìdajì mítà sí mítà kan, kẹ́ ẹ ṣí òdìkejì sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń fa afẹ́fẹ́ ìta wọlé.

Omi dídì tẹ́ ẹ béèrè: ìṣirò ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká ṣe. Kílò kan, kó tó yọ́ tán, ń gba ooru bíi 93 Wh, ìyẹn ooru 93 W fún wákàtí kan. Èèyàn kan tó jókòó jẹ́ẹ́ ń tú bíi 100 W jáde. Nítorí náà kílò omi dídì kan kò tó fi gbé ooru ẹnì kan ṣoṣo fún wákàtí kan. Fíríìjì tó bá sì dì í nínú ilé kan náà ti tú ooru tó ju ìyẹn lọ sẹ́yìn ara rẹ̀. Ẹ fi omi dídì yẹn sínú omi mímu, tàbí kẹ́ ẹ fi aṣọ wé e kẹ́ ẹ gbé e lé ọrùn ìyá àgbà.

Fún alẹ́ délestage (tí wọ́n bá mú iná lọ): fáànù oníbátìrì 12 V sábà máa ń jẹ 15 sí 20 W. Bátìrì 50 Ah olómi, ẹ má lò ju ìdajì rẹ̀ lọ kó má bàa kú láìpẹ́. Ìdajì yẹn jẹ́ 300 Wh, ó gbé fáànù 20 W fún wákàtí 15. Pánẹ́ẹ̀lì 100 W kan lè dá a padà lọ́jọ́ tí oòrùn bá ràn. Ẹ fi régulateur (ohun tó ń ṣàkóso iná tó ń wọ bátìrì) sáàárín pánẹ́ẹ̀lì àti bátìrì.


Ará Ẹ̀yìn Àpáta (Ṣábẹ̀ẹ́) dáhùn:

Oníná, ọ̀rọ̀ yín dára, ṣùgbọ́n ẹ kò dáhùn ti aṣọ tútù. Kì í ṣe ibi gbogbo ló rí bíi Àjàṣẹ́.

Omi tó ń gbẹ ń gbé ooru lọ ju omi dídì tó ń yọ́ lọ fíìfíì: lítà kan tó bá gbẹ tán gbé ju 600 Wh. Ohun tó ń dè é ni pé afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ láàyè láti gba omi náà. Ní Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà ọyẹ́ àti lẹ́yìn rẹ̀, tí ọ̀sán máa ń kọjá 35 dígírì tí ètè ń là, aṣọ tútù tí a ta sí ojú fèrèsé tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ń ṣiṣẹ́ gan-an. Ní ẹ̀bá ọ̀sà, afẹ́fẹ́ ti mumi yó tẹ́lẹ̀. Aṣọ náà yóò kàn máa ro, yàrá yóò kún fún ọ̀rinrin, òógùn yín gan-an kò ní gbẹ mọ́. Ẹ ti fi ọwọ́ ara yín ba iṣẹ́ fáànù jẹ́ nìyẹn.

Ẹni tí kò bá mọ ibi tí tirẹ̀ wà, kó fi òṣùwọ̀n ooru lásán wò ó. Kó ka á níbòòji, kó wá fi òwú tó rin fún omi wé ìdí rẹ̀, kó fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ títí yóò fi dúró sójú kan, kó tún un kà. Bí ó bá wálẹ̀ ní dígírì 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, aṣọ tútù yóò wúlò, bí ẹ bá ṣáà ṣí ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà jáde. Bí kò bá ju 5 lọ, ẹ fi omi sára yín, kì í ṣe sára ilé: ẹ bu omi sí apá, ọrùn àti ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ jókòó síwájú fáànù.

Ìdí kan náà ló mú kí omi inú àmù máa tutù níhìn-ín ju lọ́dọ̀ yín lọ. Ara àmù ló ń làágùn. Ẹ má fi ọ̀dà kùn ún níta, ẹ gbé e sórí yanrìn tútù níbi tí ìbòòji àti afẹ́fẹ́ bá wà, kẹ́ ẹ sì máa fi kànrìnkàn ha á tinú tòde, torí bí ìdọ̀tí bá dí ihò tóóró ara rẹ̀, ìtútù rẹ̀ tán.

Ní ti ṣíṣí àti títi ilé, ìmọ̀ràn tó bá Ṣábẹ̀ẹ́ mu lè pa ará Àjàṣẹ́ lára. Lọ́dọ̀ wa, ilé alámọ̀ tí ògiri rẹ̀ nípọn ní ṣẹ́ńtímítà 30 sí 40, bí oòrùn bá ti ń gòkè la ó ti ti fèrèsé pa, bí ilẹ̀ bá ṣú la ó ṣí gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ooru ọ̀sán máa ń pẹ́ bíi wákàtí 8 sí 10 kó tó gba ara irú ògiri bẹ́ẹ̀ kọjá, òru wa sì ń tutù dáadáa nígbà ọyẹ́. Búlọ́ọ̀kù oníhò kò lè di ooru mú pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Àjàṣẹ́ sì rèé, òru rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ sí ọ̀sán rẹ̀ lóṣù kẹta. Ẹ má ti ilé pa níbẹ̀. Ẹ dí oòrùn, ẹ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa kọjá tọ̀sán tòru.

(Ẹ̀yin tí ilé yín fẹ̀yìn ti àpáta ní Ṣábẹ̀ẹ́ níbí: àpáta yẹn máa ń gbóná títí òru fi jìn. Fèrèsé ìhà ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ṣí kẹ́yìn.)


Nọ́ọ̀sì Ìyálọ́mọ dáhùn:

Ọmọ oṣù mẹ́rin: ọyàn nìkan. Ẹ má fún un lómi nítorí ooru, omi wà nínú ọyàn. Ẹ jẹ́ kó máa mu ún lemọ́lemọ́, kí ìyá rẹ̀ náà máa mu omi dáadáa. Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan tó. Ẹ má wé e nítorí pé fáànù ń fẹ́, ẹ kàn má kọ ọ́ sí i lójú tààrà. Àwọ̀n ẹ̀fọn ń dín afẹ́fẹ́ kù, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹ má yọ ọ́ torí ooru. Ẹ gbé fáànù sún mọ́ àwọ̀n láti ìta rẹ̀, kí wáyà má sí níbi tí ọwọ́ ọmọ lè dé.

Ìyá àgbà ni kẹ́ ẹ máa ṣọ́ jù. Òǹgbẹ kì í tètè gbẹ àgbàlagbà bó tilẹ̀ jẹ́ pé omi ara wọn ti ń lọ. Ẹ máa gbé omi fún wọn láìdúró kí wọ́n béèrè, díẹ̀díẹ̀ jálẹ̀ ọ̀sán. Bí ìtọ̀ bá ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, omi kò tó. Bí wọ́n bá ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń mú kí wọ́n máa tọ̀, tàbí tí wọ́n ní àìsàn ọkàn tàbí kíndìnrín, ẹ bi dókítà wọn léèrè iye omi tó yẹ. Sọ́dàbì (ọtí líle) kì í ṣe omi, ó ń lé omi jáde lára ni.

Bí ẹnì kan bá ti làágùn púpọ̀ tàbí tó ń ṣu: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí a fi nǹkan gé orí rẹ̀ dọ́gba, ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ má fi kún iyọ̀ náà.

Àmì ewu: ara gbóná janjan, ọ̀rọ̀ ń dàrú, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó ń gbọ̀n, tàbí ó dákú. Ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń fi paracétamol ṣe. Kò lè mú irú ooru yẹn wálẹ̀. Ẹ gbé e wá síbòòji, ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ da omi sí gbogbo ara rẹ̀ kẹ́ ẹ máa fẹ́ ẹ láìdúró, kẹ́ ẹ sì gbé e lọ sílé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Ẹ má da omi sẹ́nu ẹni tí kò mọ ibi tó wà. Bí ara bá kàn gbóná lásán, ẹ lọ ṣe àyẹ̀wò ibà, ẹ má dá ẹjọ́ gbogbo rẹ̀ fún ojú ọjọ́.

Bí afẹ́fẹ́ yàrá bá ti ga kọjá 40 dígírì, fáànù nìkan lè máa fi kún ooru ara. Àjọ ìlera àgbáyé, OMS, ní ká má gbára lé e nígbà náà. Àjàṣẹ́ kì í sábà dé bẹ́ẹ̀ níta, ṣùgbọ́n abẹ́ páànù tí kò ní àjà lè sún mọ́ ọn.

Ẹ̀bẹ̀ kan: ẹ má dáná èédú nínú ilé. Yàtọ̀ sí ooru rẹ̀, èéfín tí kò ní òórùn ń jáde lára èédú, ó sì ń pa èèyàn.


Ọmọ Ẹ̀bá Ọ̀sà (Àjàṣẹ́):

Ẹ ṣé gan-an, ẹ ò ní rí àárẹ̀. Mo ti gbọ́ ti òrùlé. Ti fáànù, bí mo ṣe fi igi tì í ló bẹ̀rẹ̀ sí í yí, condensateur ni mo máa wá lọ́la.

Ó ku ti fèrèsé ìwọ̀ oòrùn yẹn. Kọ́tìnì tó nípọn wà níbẹ̀, síbẹ̀ ó ń gbóná. Òun nìkan sì ni fèrèsé yàrá. Ilẹ̀kùn wà ní òdìkejì, ó kọjú sí àgbàlá ní ìlà oòrùn, ṣùgbọ́n a kì í ṣí i sílẹ̀ lóru nítorí olè. Ṣé ká fọ́ òkè ilẹ̀kùn láti fi claustra (búlọ́ọ̀kù tó ní ihò fún afẹ́fẹ́) sí i?


Gbẹ́nàgbẹ́nà Kétu dáhùn:

Kọ́tìnì inú ilé ti pẹ́ jù. Oòrùn ti wọlé kó tó bá kọ́tìnì, ooru náà ti wà lọ́dọ̀ yín. Ìta ni kẹ́ ẹ ti dá a dúró. Ẹ wo àwọn ilé Àgùdà (àwọn tó padà wá láti Brazil) tó wà ní Àjàṣẹ́ yẹn: fèrèsé onípákó tí wọ́n là wẹ́wẹ́ ló wà níta, ó ń dí oòrùn, ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ kọjá, àjà ilé náà sì ga. Àwọn tó kọ́ ọ kò rí amúlétutù rí.

Ìbòrí tó yọ síwájú lórí fèrèsé nìkan kò tó fún ìwọ̀ oòrùn, torí ní aago mẹ́rin oòrùn ti rẹlẹ̀, abẹ́ ìbòrí náà ni yóò gbà wọlé. Nǹkan tó dúró ní òòró lẹ nílò. Ẹ ri òpó méjì mọ́lẹ̀, ẹ ta ẹní ráfíà tàbí ọparun tí a so pọ̀ sáàárín wọn, kó jìnnà sí ògiri ní ṣẹ́ńtímítà 40 sí 50, kó fẹ̀ ju fèrèsé lọ débi tó bá lè bo ògiri. Ẹ má lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Àlàfo yẹn ni afẹ́fẹ́ ń gbà gbé ooru ẹ̀yìn rẹ̀ lọ. Ìtàkùn elégédé lórí igi náà dára, ṣùgbọ́n kó tó bo ògiri, ìgbà ooru ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọ̀n ẹ̀fọn ojú fèrèsé, ẹ yọ ọ́ kẹ́ ẹ fọ̀ ọ́. Èyí tí eruku ti dí kò yàtọ̀ sí aṣọ.

Fèrèsé yín wà níbi tó dára fún afẹ́fẹ́, bó tilẹ̀ burú fún oòrùn: láti gúúsù ìwọ̀ oòrùn, lójú òkun, ni afẹ́fẹ́ ti máa ń wá lọ́pọ̀ oṣù. Ọ̀nà àbájáde ni kò sí. Bó bá jẹ́ fèrèsé tí a ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ lẹ ní, ìdajì rẹ̀ nìkan ló ń ṣí. Nacos (fèrèsé onígíláàsì pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ) ń ṣí fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ rántí ìyẹn lọ́jọ́ tí onílé bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀.

Claustra òkè ilẹ̀kùn ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìhò rẹ̀ kò pọ̀ bó ṣe rí lójú. Claustra márùn-ún tó jẹ́ 20 sí 20, ìdajì rẹ̀ símẹ́ńtì ni, ohun tó ṣí kò ju ìdá kan nínú mẹ́wàá mítà onígun mẹ́rin lọ. Ògiri fífọ́ tún gba àṣẹ onílé, kí birikila má sì fọwọ́ kan linteau (ìtì kọnkéré) tó wà lórí ilẹ̀kùn tàbí chaînage (àmùrè kọnkéré) tó yí orí ògiri ká, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ògiri yóò sán.

Èmi, ara ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ ni màá gé, bó bá jẹ́ onípákó. Ẹ jẹ́ kí gbẹ́nàgbẹ́nà yọ pákó òkè rẹ̀ ní ṣẹ́ńtímítà 60 kó sì to pákó pẹlẹbẹ sí i ní gbígbè, dígírì 45, kí etí èyí tó wà lókè sọ̀ kọjá orí èyí tó wà nísàlẹ̀ ní bíi ṣẹ́ńtímítà 1. Ìta ni kó gbè sí kí òjò má bàa ṣàn wọlé. Irin fẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́ta ní ìbú lẹ́yìn rẹ̀ nítorí olè, kí ọwọ́ má lè ti ibẹ̀ dé kọ́kọ́rọ́. Àwọ̀n ẹ̀fọn sì wà nínú, kẹ́ ẹ fi ìṣó kékeré mú férémù rẹ̀ kó lè ṣeé yọ fọ̀. Nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, kí ó wà bó ṣe wà. Afẹ́fẹ́ gbígbóná òkè ló yẹ kó kọ́kọ́ jáde.